Ọgọ́ta àti Ọgọ́rùn-ún Di Ọgọ́jọ: Àlàyé Lórí Lẹ́tà Inú Ìṣirò àti Bí A Ṣe Ń Kó Wọn Jọ

Bí ọmọ bá wọ JSS1, ìṣirò tó ti mọ̀ láti kékeré á ṣàdédé yí ojú padà. Lẹ́tà á wọ àárín nọ́ńbà, èyí tí wọ́n ń pè ní àlùjẹ́bírà. Tíṣà á kọ 3x + 2y sójú pátákó, á ní kí wọ́n kó o jọ bó bá ṣeé kó jọ, ọ̀pọ̀ ọmọ á sì kọ 5xy láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Báírò pupa á fagi lé e. Ọmọ á gbé ìwé délé, òbí á wo iṣẹ́ àṣetiléwá náà títí, òun náà kò ní rí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí 3 àti 2 jẹ́ 5 lóòótọ́. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti olódo. Ó ní ibi tó ti ń wá.

Ibi tó ti ń wá ni pé wọ́n ti sọ fún ọmọ náà pé lẹ́tà jẹ́ ìkékúrú orúkọ nǹkan: a dúró fún ápù, b dúró fún bọ́ọ̀lù. Ápù mẹ́ta, bọ́ọ̀lù méjì, nǹkan márùn-ún. Àlàyé yìí rọrùn, ó sì máa ń gbe tíṣà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, àmọ́ kì í ṣe òótọ́, gbèsè tó ń dá sílẹ̀ sì pọ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Lẹ́tà inú ìṣirò kì í ṣe orúkọ nǹkan. Nọ́ńbà ni. Ó lè jẹ́ nọ́ńbà tí a kò tíì mọ iye rẹ̀, ó lè jẹ́ èyí tí iye rẹ̀ ń yí padà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni. Ohun tí wọ́n ń pè ní variable nílé-ìwé kò ju ìyẹn lọ.

Owó gàrí kì í ṣe gàrí

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ọjà Ọba ní Òṣogbo. Iye tí wọ́n ń ta kóńgò gàrí kan lónìí lè má jẹ́ iye tí wọn yóò tà á ní ọjọ́ mẹ́ta òní. Ká pe iye owó kóńgò kan lónìí ní g. Ẹ kíyè sí i dáadáa: g kì í ṣe gàrí, g kì í ṣe kóńgò. Iye náírà tí à ń ra kóńgò kan ni g. Ìyá kan ra kóńgò mẹ́ta fún ilé, ó ra méjì fún ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Owó tó san nìyí:

3g + 2g = 5g

Ká ní ₦900 ni g. Kóńgò mẹ́ta jẹ́ ₦2,700, kóńgò méjì jẹ́ ₦1,800, àpapọ̀ ₦4,500. Ìlọ́po márùn-ún 900 náà, ₦4,500 ni. Ká ní g fò sí ₦1,100: 3,300 àti 2,200 jẹ́ 5,500, ìlọ́po márùn-ún 1,100 sì nìyẹn. Iyekíye tí ẹ bá fi sí ipò g, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì á bára mu. Ìtumọ̀ àmì = tó wà láàárín wọn nìyẹn.

Ibi tí àlàyé ápù ti ń já rèé. Ká ní ìyá yìí ra kóńgò mẹ́ta láàárọ̀, ó padà wá ra méjì nírọ̀lẹ́, owó gàrí sì ti gbéra. Gàrí kan náà, ìsọ̀ kan náà, kóńgò kan náà. Ṣé 5g ló san? Rárá o. Owó ìrọ̀lẹ́ nílò lẹ́tà tirẹ̀, ká pè é ní h. 3g + 2h ni owó tó san, kò sì sí bí a ṣe lè ké e kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan kan náà ló rà, àmọ́ iye ti yàtọ̀. Ẹ wá yí i padà: ká ní lọ́jọ́ kan, iye kan náà ni wọ́n ń ta kóńgò gàrí àti kóńgò àgbàdo. Ẹni tó bá ra gàrí mẹ́ta àti àgbàdo méjì lọ́jọ́ náà, 5g ni yóò san. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo. Iye ló ń pinnu bóyá a lè kó wọn jọ.

Yorùbá kò ṣàjèjì sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Bí ẹnìkan bá ń ròyìn, tí kò mọ orúkọ ẹni tó ń sọ, tàbí tí kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, á ní "Lágbájá". Gbogbo wa mọ̀ pé ènìyàn ni Lágbájá, kì í ṣe àga. A sì mọ̀ pé títí ìròyìn náà yóò fi parí, Lágbájá kan náà ni. Kò lè jẹ́ alápatà níbẹ̀rẹ̀ kó wá di tíṣà níparí. Bí ẹlòmíràn bá wà nínú ọ̀rọ̀, a ó pè é ní Tàmẹ̀dò. Bí ìròyìn mìíràn bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, Lágbájá ọ̀tun ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni x ṣe rí. Nínú ìbéèrè kan, gbogbo x tó wà níbẹ̀ jẹ́ iye kan náà. Nínú ìbéèrè kejì, ó lè jẹ́ iye mìíràn. Ibi kan ṣoṣo tí àfiwé yìí kò dé ni pé x àti y lè ṣèèṣì jẹ́ iye kan náà, kò sófin tó ní kí wọ́n yàtọ̀. A kàn kò gbọ́dọ̀ gbà pé wọ́n dọ́gba bí ìbéèrè kò bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ogún ti kọ́ wa tipẹ́

Ẹni tó bá lè ka ònkà Yorùbá dé igba ti ń kó lẹ́tà jọ láì mọ̀. Ogójì, ogún méjì ni. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Ọgọ́rin, ogún mẹ́rin. Ọgọ́rùn-ún, ogún márùn-ún. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ọgọ́sàn-án tó jẹ́ ogún mẹ́sàn-án. Ẹ tẹ́tí sí ìparí orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gbọ́ ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrùn-ún níbẹ̀. Ìparí yẹn ló ń sọ iye ìgbà tí a ka ogún. Ogún fúnra rẹ̀ kò yí padà.

Ẹ wá ro ọgọ́ta mọ́ ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́jọ ni. Ogún mẹ́ta àti ogún márùn-ún, ogún mẹ́jọ. Bí a bá fi x sí ipò ogún:

3x + 5x = 8x

3 àti 5 nìkan ni a rò pọ̀. Ogún dúró sí ogún. Ìdí nìyẹn tí 3x + 5x kì í fi í jẹ́ 8x², èyí tí àwọn ọmọ máa ń kọ nítorí wọ́n rí x méjì, wọ́n sì rò pé ó yẹ kí x méjì náà ṣe nǹkan kan. x² ni x tí a fi x sọ di púpọ̀. Bí x bá jẹ́ ogún, irínwó ni x², ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ sì jẹ́ 3,200. Kò sẹ́ni tó máa ro ọgọ́ta mọ́ ọgọ́rùn-ún tí yóò rí 3,200.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni ogún mẹ́ta tí mẹ́rin lé lórí: 3x + 4. Ṣé ẹnìkan lè rí i kó ní ogún méje ni, kó pè é ní ogóje? 64 ni èkíní, 140 ni èkejì. Ọmọ tó kọ 3x + 4 = 7x ti sọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta di ogóje. 3 ń ka ogún, 4 ń ka ẹyọ, iṣẹ́ wọn kò pa pọ̀. Títí ayé, 3x + 4 yóò máa jẹ́ 3x + 4, àyàfi bí ẹnìkan bá sọ iye tí x jẹ́ fún wa.

Àádọ́rin ńkọ́? Ogún mẹ́rin dín mẹ́wàá ni: 4x − 10. Ẹ ro ọgọ́ta mọ́ ọn:

4x − 10 + 3x = 7x − 10

Ogún méje dín mẹ́wàá. Orúkọ rẹ̀ ni àádóje, 130, bẹ́ẹ̀ ni 70 àti 60 sì jẹ́ 130. Mẹ́wàá tí a dín kúrò lára àádọ́rin kò sọnù, kò sì wọ inú ogún. Ó tẹ̀ lé wa dé ìparí. Ọ̀rọ̀ "lé" àti "dín" tó kún inú ònkà wa ni àmì + àti àmì −, a ó sì padà sọ́dọ̀ wọn láìpẹ́.

Kí ẹ má baà rò pé ogún ní agbára kan tí iye mìíràn kò ní, ẹ wo ẹyin. Kíréètì kan gba ẹyin 30. Kíréètì mẹ́ta àti márùn-ún jẹ́ kíréètì mẹ́jọ: 90 àti 150 jẹ́ 240, ìlọ́po mẹ́jọ 30. Iye tó wà nínú kíréètì ì bá jẹ́ 12 tàbí 47, kò ní yí i padà. Bí a bá ka iye kan lẹ́ẹ̀mẹta, tí a tún kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹjọ la kà á. Gbogbo òfin kíkó lẹ́tà jọ, orí gbólóhùn yẹn ló dúró lé.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́

3x túmọ̀ sí 3 × x. A kì í kọ àmì × sáàárín wọn, torí ó jọ lẹ́tà x jù. Bí x bá jẹ́ 5, 15 ni 3x. Kì í ṣe 35. Àṣìṣe 35 yìí wọ́pọ̀, ó sì yẹ ká ṣàánú ọmọ tó ń ṣe é, torí ohun tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ló ṣì í lọ́nà. Nínú 35, àwọn nọ́ńbà tó fara kan ara wọn túmọ̀ sí ẹ̀wá mẹ́ta àti ẹyọ márùn-ún. Nínú 3½, fífara-kanra túmọ̀ sí 3 àti ìdajì, àròpọ̀ ni. Ìgbà tó wá dé ọ̀dọ̀ 3x, fífara-kanra di ìsọdipúpọ̀, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un. Ẹ kìlọ̀ fún un.

Nọ́ńbà máa ń ṣíwájú lẹ́tà: 3x, kì í ṣe x3. Bí lẹ́tà bá dá wà láìní nọ́ńbà níwájú, 1 ló wà níbẹ̀: x àti 1x jẹ́ ọ̀kan náà. ab ni a × b, ba náà sì ni.

Àmì tó wà níwájú ló ni táàmù

Ègé kọ̀ọ̀kan tí àmì + tàbí − là sọ́tọ̀ ni wọ́n ń pè ní táàmù. Nínú 7x − 4 + 2x + 9 − 5x, táàmù márùn-ún ló wà. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ fa ìlà kékeré síwájú àmì kọ̀ọ̀kan:

7x | − 4 | + 2x | + 9 | − 5x

Ibi tí ẹ fa ìlà sí ṣe pàtàkì. Síwájú àmì ni, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nítorí àmì tó wà níwájú táàmù ló ń bá a lọ síbi tó bá ń lọ. Táàmù àkọ́kọ́ tí kò ní àmì, + ni tirẹ̀. Ọmọ tó bá fa ìlà sẹ́yìn àmì, tàbí tí kò fa rárá, á gbé 2x lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 7x, á sì gbé àmì − tó wà lẹ́yìn 7x mọ́ ọn, á wá kọ 7x − 2x. Àmì yẹn, 4 ló ni ín. Nínú gbogbo àṣìṣe tí à ń rí nínú iṣẹ́ yìí, òun ló máa ń fi ara pamọ́ jù, nítorí ìdáhùn rẹ̀ máa ń jọ ìdáhùn gidi.

Lẹ́yìn tí a ti là wọ́n, ẹ kó àwọn tó ní x síbì kan, kí ẹ kó ẹyọ síbì kan:

7x + 2x − 5x − 4 + 9

7 àti 2 jẹ́ 9, yọ 5, ó ku 4. Ẹ̀wẹ̀, −4 àti 9 jẹ́ 5. Ìdáhùn: 4x + 5.

Ẹ fi x = 10 dán an wò. Ìbéèrè: 70 − 4 + 20 + 9 − 50 = 45. Ìdáhùn: 40 + 5 = 45. Ó bára mu.

Ohun kan wà tó máa ń bí ọmọ nínú níbí: 4x + 5 kò jọ ìdáhùn lójú rẹ̀. Àmì + ṣì wà láàárín. Láti kíláàsì kìn-ín-ní ló ti mọ̀ pé bí òun bá rí +, òun gbọ́dọ̀ ṣe é kó di nọ́ńbà kan. Ìdí tó fi ń tẹ̀ ẹ́ títí tó fi di 9x nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé àmì + lè jẹ́ apá kan orúkọ iye, bí "lé" ṣe jẹ́ apá kan orúkọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. A kì í sọ pé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta kò tíì parí.

Èwo ló jọra, èwo ni kò jọra

Táàmù méjì ṣeé kó jọ bí lẹ́tà inú wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fara hàn nínú ìsọdipúpọ̀ náà sì jẹ́ ọ̀kan náà. Nọ́ńbà iwájú lè yàtọ̀ bó ṣe wù ú. 4xy àti 7yx jọra, torí xy àti yx kò yàtọ̀. 4x àti 4y kò jọra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4 wà lára méjèèjì. Nọ́ńbà tí kò ní lẹ́tà, ọ̀wọ́ tirẹ̀ ni wọ́n wà.

x àti x² ló ń dààmú ènìyàn jù. Òṣogbo ìlú aró, ẹ jẹ́ ká fi àdìrẹ wò ó. Ká ní aṣọ kan ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin tó dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ s yáàdì. Ẹni tó fẹ́ ṣẹ́ etí aṣọ náà yíká yóò rán s + s + s + s, 4s nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ mọ bí aṣọ tí aró máa mu ṣe fẹ̀ tó yóò fi s sọ s di púpọ̀, s² nìyẹn. Bí s bá jẹ́ 3, etí jẹ́ 12, fífẹ̀ jẹ́ 9. Bí s bá jẹ́ 10, etí jẹ́ 40, fífẹ̀ di 100. Èkíní ń rìn, èkejì ń sáré. Kò sí nọ́ńbà kan tí a lè kọ síwájú s tí yóò máa bá s² lọ ní gbogbo ìgbà, ìdí nìyẹn tí s² + 4s kò fi ṣeé ké kúrú sí táàmù kan.

Ẹ ṣọ́ra fún 2. Bí s bá jẹ́ 2, s + s jẹ́ 4, s × s náà jẹ́ 4. Ọmọ tó bá fi 2 dán iṣẹ́ rẹ̀ wò lè búra pé s + s àti s² kò yàtọ̀.

Nígbà tí àyọkúrò bá wọ̀ ọ́

5x − x kì í ṣe 5. Ọmọ tó kọ 5 rò pé òun ti "yọ x kúrò" lára 5x, bí ìgbà tí a bá fi rọ́bà pa lẹ́tà rẹ́. Ìlọ́po márùn-ún iye kan ni, a mú iye náà kúrò lẹ́ẹ̀kan, ó ku ẹ̀ẹ̀mẹrin: 4x. Kíréètì ẹyin márùn-ún, ẹnìkan ra kíréètì kan. Kíréètì mẹ́rin ló kù, kì í ṣe ẹyin márùn-ún.

2x − 6x jẹ́ −4x. Owó kóńgò méjì wà lọ́wọ́, gbèsè kóńgò mẹ́fà wà nílẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá san ohun tó wà lọ́wọ́, gbèsè mẹ́rin ṣì kù. −3x − 2x sì jẹ́ −5x, gbèsè lórí gbèsè. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ +5x síbẹ̀, torí wọ́n rántí pé "àyọkúrò méjì máa ń di àròpọ̀". Òfin yẹn wà fún ìsọdipúpọ̀ àti pínpín. Bí a bá kàn ń kó gbèsè méjì jọ, gbèsè ńlá ló ń dà.

Àkámọ́, ìyẹn àmì ( ), ni ibi tí owó ti ń sọnù. Ẹnìkan mú ₦10,000 lọ ra àdìrẹ méjì. x ni iye tí oníṣòwò kọ́kọ́ dá lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ná an títí, ó dín ₦300 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ kan wá di x − 300. Ṣéńjì rẹ̀ ni:

10,000 − 2(x − 300)

2 tó wà lẹ́nu àkámọ́ yóò kan gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, àmì − tó wà níwájú 2 yóò sì bá a wọlé. −2 lórí x jẹ́ −2x. −2 lórí −300 jẹ́ +600. Nítorí náà:

10,000 − 2x + 600 = 10,600 − 2x

Kí ló dé tó fi jẹ́ +600? Nítorí ₦300 tí wọ́n dín lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan wà lápò ẹni tó ra aṣọ. Ká ní ₦2,000 ni x: aṣọ kan di ₦1,700, méjì jẹ́ ₦3,400, ṣéńjì ₦6,600. 10,600 − 4,000 náà jẹ́ 6,600. Ẹni tó bá kọ −600 yóò gba 10,000 − 4,000 − 600, ₦5,400. ₦1,200 ti wọ igbó: wọn kò dín ₦600 fún un, wọ́n tún fi ₦600 lé e. Àṣìṣe kejì tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni kí ọmọ kọ́kọ́ yọ 2 kúrò lára 10,000, kó wá kọ 9,998(x − 300). 2 kò dá dúró, ó ti so mọ́ àkámọ́. Ìsọdipúpọ̀ gbọ́dọ̀ ṣíwájú.

Èyí tó gùn díẹ̀ rèé, fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú pẹ́ńsù:

4(2a + 3b) − 3(a − b) + 5 − a

Ẹ tú àkámọ́: 8a + 12b − 3a + 3b + 5 − a. Ẹ kó a jọ: 8 − 3 − 1 jẹ́ 4. Ẹ kó b jọ: 12 + 3 jẹ́ 15. Ìdáhùn: 4a + 15b + 5. Àwọn ibi méjì tí ọwọ́ ti ń yọ̀ ni +3b, tí ọ̀pọ̀ ń kọ ní −3b, àti −a tó wà níparí, tí wọ́n ń gbàgbé nítorí kò ní nọ́ńbà níwájú.

Bí a ṣe ń dán iṣẹ́ wò

Ẹ fi nọ́ńbà sí ipò lẹ́tà nínú ìbéèrè, ẹ fi nọ́ńbà kan náà sí i nínú ìdáhùn. Bí wọn kò bá bára mu, ìdáhùn kò tọ́, kò sí àríyànjiyàn. Òbí tí kò rántí àlùjẹ́bírà rárá lè fi èyí wo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ẹ má lo 0, 1 tàbí 2. A ti rí ohun tí 2 ń ṣe. 0 àti 1 burú jù ú lọ: bí x àti y bá jẹ́ 1, 3x + 2y jẹ́ 5, 5xy náà jẹ́ 5. Àṣìṣe tí a fi bẹ̀rẹ̀ á gba òǹtẹ̀. Ẹ lo x = 10 àti y = 3: 3x + 2y di 36, 5xy di 150. Bí lẹ́tà bá ju ọ̀kan lọ, ẹ fún oníkálukú ní iye tirẹ̀. Fún ìdáhùn wa òkè yìí, a = 10, b = 3: ìbéèrè jẹ́ 116 − 21 + 5 − 10, 90 nìyẹn; ìdáhùn jẹ́ 40 + 45 + 5, 90. Bí iye kan bá bára mu, ẹ fi òmíràn dán an wò, torí ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ èèṣì.

Nígbà tí àmì = bá wà láàárín

4x + 5 kò béèrè pé kí a wá x. Ó kàn jẹ́ iye tí a ti ké kúrú. Ọmọ tó bá lọ kọ "x = " kan sábẹ́ rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè tí wọn kò bi í. Ìgbà tí a bá rí ìdọ́gba, bíi 5x + 3 = 2x + 15, la tó ń wá x.

Níbẹ̀, 5x àti 2x jọra, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ìdì kan náà. Àmì = dà bí òpó òṣùwọ̀n aláwo méjì. Ẹni tó bá rò wọ́n pọ̀ tó kọ 7x = 18 ti da àwo méjèèjì sínú ara wọn. Ohun tó yẹ ni kí a mú 2x kúrò nínú àwo méjèèjì: 3x + 3 = 15. Ẹ mú 3 kúrò nínú méjèèjì: 3x = 12. x = 4. Ẹ padà sí ìbéèrè: 20 + 3 jẹ́ 23, 8 + 15 jẹ́ 23.

Mímú iye kan náà kúrò lápá méjèèjì, iṣẹ́ tí onímọ̀ ìṣirò kan, al-Khwarizmi, ṣàlàyé ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820 ni. Al-muqābala ló ń pè é. Dídá ohun tí a ti yọ kúrò padà, kí apá méjèèjì lè pé, ni al-jabr, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí wọ́n tún ń lò fún títo eegun tó ṣẹ́. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni orúkọ àlùjẹ́bírà ti wá. Kò lo lẹ́tà kankan o. "Nǹkan" ló ń pe iye tí kò mọ̀, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ kọ gbogbo ìṣirò rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àmì = dé ní 1557 láti ọwọ́ Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, ọdún 1637 sì ni René Descartes ti ilẹ̀ Faransé fi x, y àti z sípò iye tí a kò mọ̀, tó fi a, b àti c sílẹ̀ fún èyí tí a mọ̀.

Mẹ́rin rèé fún ẹni tó bá fẹ́ dán ọwọ́ wò: 6p − p + 3; 2m + 3n − 5m + n; 9 − 4(k − 2); 3x² + x − x² + 5x. Ìdáhùn wọn ni 5p + 3. −3m + 4n. 17 − 4k. 2x² + 6x. Ẹni tó bá rí 8x³ fún èyí tó kẹ́yìn, kó fi 10 sí ipò x: ìbéèrè á fún un ní 260, 8x³ á fún un ní 8,000.